Ṣé ọyẹ́ ló ń gba èémí lọ́wọ́ màmá mi ni, àbí èéfín agbada?

Ọmọ_Alágbada
Ẹ káàárọ̀ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á, ó gùn díẹ̀.

Màmá mi ti pé ọdún 63, Ìjẹ̀bú-Igbó ni wọ́n wà, gàrí ni wọ́n ń yan láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí wọ́n ti ń jókòó nídìí agbada yẹn. Wọn ò mu sìgá rí láyé wọn, bàbá mi pàápàá ò mu ún. Láti bí ọdún mẹ́rin báyìí ni ikọ́ ti ń bá wọn fínra, kẹ́lẹ̀bẹ̀ ní gbogbo àárọ̀, tí wọ́n bá ń rìn lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́rọ tó ń lọ gbágùúdá wọ́n á dúró mí lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n tó débẹ̀, ibi tí kò ju ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. A ti ṣe àyẹ̀wò TB lẹ́ẹ̀mejì, kò sí nǹkan kan. Oṣù tó kọjá la tó rí dókítà kan tó ní kí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀rọ kan báyìí, ó wá sọ fún wa pé COPD ni, pé ọ̀nà èémí wọn ti há, ẹ̀dọ̀fóró wọn dà bíi ti ẹni tó ti mu sìgá fún ogún ọdún. Màmá kàn ń wo ojú mi ni. Wọ́n ní "èmi? sìgá?"

Ohun tó ń dà mí láàmú rèé. Gbogbo ìgbà tí ọyẹ́ bá ti dé ló máa ń dá wọn wólẹ̀. December tó kọjá, ọsibítù la ti ṣe Kérésì. Ọyẹ́ wá lọ, a ní ó ti tán, àfi bí ooru March ṣe mú tó tún bẹ̀rẹ̀, wọn ò lè sùn, orí ìjókòó ni wọ́n ń sùn mọ́jú. Àwọn ará ilé ní òtútù ló wọ̀ wọ́n lára, àwọn kan ní ooru ni, èmi ń wo agbada. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ẹ̀, èwo ni? Kí ni mo lè ṣe kí ọyẹ́ míì tó dé?

Ìyá_Ìbejì_Àkúrẹ́
Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Olúwa á fún màmá lálàáfíà. Ẹ máa fún wọn ní omi gbígbóná àti orógbó láàárọ̀, kí wọ́n sì máa wọ súwẹ́tà. Èmi náà ń dín àkàrà, mo mọ bí èéfín ṣe ń ta èèyàn lójú.

Ọmọ_Ìkirè
Èmi ò gbà pé èéfín ni o. Ìyá tó bí ìyá mi fi igi dáná títí wọ́n fi pé 91, kò sí COPD kankan. Gbogbo wa la dàgbà sínú èéfín. Òtútù ni, ọyẹ́ ayé ìsinsìnyí le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Nọ́ọ̀sì_Mọ́kọ́lá
@Ọmọ_Ìkirè mi ò ní í sọ pé irọ́ lẹ pa. Àwọn kan wà tí èéfín ò rí ṣe, bí àwọn kan ṣe ń mu sìgá tí wọ́n sì ń dé ọgọ́rin ọdún. Ṣùgbọ́n ẹ rántí dáadáa, ẹ ẹ̀ rántí àwọn ìyá àgbà tó máa ń wúkọ́ lóru nínú agboolé yín? Ikọ́ àgbà la máa ń pè é. Kò sí ohun tó ń jẹ́ ikọ́ àgbà, ọjọ́ orí kì í ṣe ikọ́. Àìsàn kan ló wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò yẹ̀ wò. Nígbà yẹn sì rèé ẹ̀yìnkùlé la ti ń dáná, atẹ́gùn ń gbé e lọ. Ẹ wo ibi táwọn èèyàn ti ń dáná báyìí, kọ́rídọ̀ ilé oníyàrá mẹ́wàá, sítóòfù mẹ́fà, kò sí fèrèsé.

@Ọmọ_Alágbada mo ti ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì fún ogún ọdún, mọ́kànlá nínú ẹ̀ ni mo fi wà ní wọ́ọ̀dù àwọn tí àyà ń dùn. Àwọn obìnrin tó ń wọlé wá tí èémí ò tó wọn mọ́, ẹ bi wọ́n léèrè iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe: ẹlẹ́ja yíyan, alákàrà, alágàrí, àwọn tó ń fi igi se fùfú tà. Ṣàṣà ni èyí tó mu sìgá nínú wọn.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Nínú èéfín igi, àwọn nǹkan tín-ín-tìn-tín kan wà tí wọ́n ń pè ní PM2.5, ẹyọ irun orí kan fẹ̀ jù ú lọ ní bí ìlọ́po ọgbọ̀n. Irun imú ò lè mú un, ikọ́ ò lè tì í jáde tán, ó ń wọlé lọ títí dé ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń gba atẹ́gùn. Ara á máa bá a jà. Ibi tí wọ́n ti ń jà á máa wú, á máa ṣe kẹ́lẹ̀bẹ̀ láti fi gbá a síta, lójoojúmọ́, lọ́dọọdún. Kó tó di ogún ọdún ibẹ̀ ti di àpá, ọ̀nà ti há, àwọn àpò atẹ́gùn kéékèèké inú lọ́hùn-ún ti ya mọ́ra wọn. Èyí tó ti bàjẹ́ yẹn kò ní í padà, kí n má tàn yín. Èyí tó kù la fẹ́ dáàbò bò.

Ẹ ṣáà mọ̀ ọ́n lọ́rọ̀, bí ògiri ò lanu aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́. Èéfín ló la ògiri màmá. Òtútù àti ooru ni aláǹgbá.

WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ṣírò ẹ̀ pé èéfín inú ilé pa bíi mílíọ̀nù 3.2 èèyàn lágbàáyé ní 2020. COPD nìkan pa bíi mílíọ̀nù 3.5 ní 2021. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àìsàn òyìnbó ni.

Adúrà_Ń_Gbà
Ọ̀gá, ọdún mẹ́rin léraléra, gbogbo December? Ẹ rò ó dáadáa. Àwọn kan wà tí wọn ò fẹ́ kí ìyá èèyàn jẹ ọdún. Ẹ gbé màmá lọ fún ìtúsílẹ̀.

Ọmọ_Alágbada
Ẹ ṣeun sà. Màmá ń gbàdúrà, ọmọ ìjọ aláṣọ funfun ni wọ́n, wọn kì í pa ìsìn jẹ. Ṣùgbọ́n kí n sọ òótọ́, ọjọ́ ìsìn tí tùràrí bá ti pọ̀ ni wọ́n máa ń wá sílé tí wọn ò lè sọ̀rọ̀ parí. Mi ò fẹ́ kí wọ́n fi ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ o. Mo kàn ń wò ó ni.

Nọ́ọ̀sì_Mọ́kọ́lá
Kí wọ́n máa jókòó sẹ́nu ọ̀nà tàbí ìdí fèrèsé, kí ẹ sì bá àwọn àgbà ìjọ sọ̀rọ̀, wọ́n á gbọ́. Èéfín ni èéfín o, kò mọ ti mímọ́ yàtọ̀. Kọ́ìlì ẹ̀fọn ńkọ́, ṣé wọ́n ń tàn án ní yàrá lóru?

Ọmọ_Alágbada
Alaalẹ́ ni mà.

Nọ́ọ̀sì_Mọ́kọ́lá
Ẹ kó o kúrò lónìí. Kí ẹ bá wọn ra nẹ́ẹ̀tì.

Tìṣà_Ọ̀yọ́
Ẹ jọ̀ọ́, jọ́gíráfì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ, ẹ jẹ́ kí n dá sí i, torí ìbéèrè yẹn wù mí gan-an, ṣé òtútù ni àbí èéfín. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, ẹ jẹ́ ká wo ojú ọ̀run náà.

Ní ọjọ́ lásán, oòrùn á mú ilẹ̀ gbóná, atẹ́gùn tó wà nílẹ̀ á gbóná, á fúyẹ́, á gòkè, á sì gbé èéfín tẹ́ ẹ bá dá lọ. Ṣùgbọ́n lóru ọyẹ́, ìkùukùu ò sí lójú ọ̀run, kò sí ohun tó bo ilẹ̀, gbogbo ooru ilẹ̀ á sá lọ sókè. Kó tó di ìdájí, atẹ́gùn tó fara kan ilẹ̀ ti tutù, ó ti wúwo, èyí tó wà lókè ẹ̀ wá gbóná jù ú. Ṣé ẹ rí i, wọ́n ti fi ọmọrí dé ìkòkò nìyẹn. Èéfín tẹ́ ẹ bá dá láago márùn-ún sí mẹ́jọ, kò ríbi gbà jáde. Gbogbo wa la ti rí i rí, àárọ̀ ọyẹ́, tí èéfín nà gbalaja bí aṣọ tí wọ́n sá sórí páànù, tí kò lọ sókè tí kò lọ sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ̀yìn aago mẹ́wàá, mọ́kànlá, nígbà tí oòrùn bá ti mú ilẹ̀ dáadáa, ni ọmọrí yẹn tó ń ṣí.

Àti eruku náà. Eruku ọyẹ́ yẹn, púpọ̀ nínú ẹ̀, ìlú Chad ló ti ń bọ̀, níbì kan tí wọ́n ń pè ní Bodélé, ìsàlẹ̀ adágún ńlá àtijọ́ tó ti gbẹ. Atẹ́gùn láti àríwá ìlà-oòrùn ló ń gbé e wá bá wa. Èèyàn wá fa òtútù símú, ó fa eruku Chad, ó tún fa èéfín agbada tí kò ríbi lọ, gbogbo ẹ̀ láago mẹ́fà ìdájí. Ẹ wá ní kí n mú ẹyọ kan nínú ẹ̀ kí n ní òun lẹlẹ́bi?

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ará London ní 1952 gan-an nìyẹn. Ọjọ́ márùn-ún péré, 5 sí 9 December. Òtútù mú, gbogbo ilé ń jó èédú ilẹ̀ kí ara lè móoru, atẹ́gùn ò fẹ́, ọmọrí dé ìlú mọ́lẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ ní bíi 4,000 èèyàn ló kú, àwọn tó tún un ṣírò lẹ́yìn náà ní ó tó 12,000. Àgbàlagbà, ọmọ ọwọ́, àti àwọn tí àyà ń dùn tẹ́lẹ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ọdún 1956 ni ìjọba tó ṣe òfin Clean Air Act.

Tí mo bá jẹ́ yín, mo máa ní kí wọ́n má dáná agbada kankan kó tó di aago mẹ́wàá láti December títí di February.

Ọmọ_Ìkirè
Tìṣà ẹ ṣé. Ọ̀rọ̀ ọmọrí ìkòkò yẹn yé mi. Èéfín orí páànù yẹn, mo ti ń rí i láti kékeré mi ò mọ̀ pé ó ní ìdí.

Bàbá_Peckham
Mo ka ohun tí tìṣà kọ, mo ní kí n sọ tèmi, torí èmi gan-an ni COPD ń bá gbé. Ọmọ Èkìtì ni mí, mo pé 71, mo dé London ní 1979. Èmi mu sìgá, ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo fi mu ún, mo sì ń kábàámọ̀ ẹ̀ lójoojúmọ́. Nítorí náà, @Ọmọ_Alágbada, inú mi bàjẹ́ nígbà tí mo kà á pé màmá yín tí kò fẹnu kàn án rí wà níbi tí mo wà.

Bí òtútù ṣe ń ṣe wá rèé. Atẹ́gùn tútù tó gbẹ, tó bá ti kan ọ̀fun, ọ̀nà èémí á ká mọ́ra bí ìgbín ṣe ń ká sínú ìkarahun. Ti ẹni tára ẹ̀ le, ó ní àyè púpọ̀, kò ní í mọ̀. Tiwa ti há tẹ́lẹ̀. Mi ò kì í jáde ní January láìfi sìkáàfù bo imú àti ẹnu, kí atẹ́gùn lè gbóná díẹ̀ kó tó wọlé, imú ni mo sì fi ń mí, kì í ṣe ẹnu. Ilé mi ò gbọdọ̀ tutù ju 18°C lọ, báwọn dókítà níbí ṣe sọ nìyẹn. Lẹ́yìn náà ọ̀fìnkìn. Òtútù máa ń kó wa pọ̀ sínú ilé, fèrèsé pípa, ẹni kan á sín, gbogbo ilé á kó o. Nínú gbogbo ẹ̀ẹ̀mẹrin tí wọ́n ti dá mi dúró sí ọsibítù, ẹ̀ẹ̀mẹta ló jẹ́ pé ọ̀fìnkìn lásán ló fi bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà abẹ́rẹ́ flu lọ́dọọdún, mi ò fi í ṣeré. Ẹ béèrè ti màmá yín, àti ti nimóníà.

Mo ti wá gbà pé òtútù nìkan lọ̀tá mi, àfi July 2022. Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù náà, 40.3°C ní Coningsby, kò tíì gbóná tó bẹ́ẹ̀ rí nílẹ̀ yìí látìgbà tí wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n. Ilé tí wọ́n kọ́ kó lè di ooru mú ni mo ń gbé. Aṣọ ìnura tútù ni mo so mọ́rùn, mo jókòó sílẹ̀ ní kọ́rídọ̀, mo ń mí bí ẹni tó sáré. Ẹ̀gbọ́n obìnrin kan ní fúláàtì ìsàlẹ̀ tó ní irú àìsàn yìí, áńbúláǹsì ló wá gbé e.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀kan sí i. Kò jìnnà sọ́dọ̀ mi, ní Lewisham, ọmọdébìnrin kan wà tó ń jẹ́ Ella Adoo-Kissi-Debrah. Asímà líle ló ní, ilé wọn wà nítòsí títì South Circular tí ọkọ̀ kì í dáwọ́ dúró níbẹ̀. Ó kú ní February 2013, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ìyá ẹ̀ ò gbà, ó ń bá a lọ, ó ń bá a lọ, títí ẹni tó ń wádìí ikú fi kọ ọ́ sílẹ̀ ní December 2020 pé ìdọ̀tí inú atẹ́gùn wà lára ohun tó pa ọmọ náà. Ṣáájú ìgbà yẹn, kò sí ẹni tí wọ́n kọ irú ẹ̀ sí ìwé ikú ẹ̀ rí ní UK. Kí wọ́n tó kọ ọ́, ikú ọmọ yẹn àìsàn lásán ni. Lẹ́yìn tí wọ́n kọ ọ́, wọ́n wá ń gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ìyá náà. Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ nìyí: ẹ jẹ́ kí dókítà kọ iṣẹ́ tí màmá yín ń ṣe sínú fáìlì wọn, kó kọ ọ́ pé èéfín ni.

Ọmọ_Alágbada
Bàbá, ẹ ṣeun gan-an ni. Mo dúró lórí ìlà tó gbẹ̀yìn yẹn fún ìgbà pípẹ́. Mo yẹ fáìlì wọn wò, níbi tí wọ́n kọ iṣẹ́ sí, "trader" ni wọ́n kọ.

Mẹ́káníìkì_Ìkòtún
Ẹ ń sọ̀rọ̀ igi, ẹ gbàgbé jẹnẹrétọ̀. Èmi l'Ékòó, tí NEPA bá mú iná lọ lóru ooru, gbogbo àdúgbò ló ń tan jẹ́n, fèrèsé ṣíṣí torí ooru, èéfín jẹ́n aládùúgbò á wọlé tààrà. Ẹni tó ní asímà á ṣe báwo? Tó bá pa fèrèsé dé ooru á pa á, tó bá ṣí i èéfín. Àwọn World Bank ṣe ìṣirò kan nípa Èkó, wọ́n ní ní 2018 nìkan bíi 11,200 èèyàn ló kú ikú àìtọ́jọ́ nítorí atẹ́gùn ìdọ̀tí, ọmọ kéékèèké ló pọ̀ jù nínú wọn. Ọkọ̀, ilé-iṣẹ́, jẹnẹrétọ̀, àwọn ni wọ́n kà sílẹ̀. PM2.5 tí nọ́ọ̀sì ń sọ yẹn, wọ́n ní ti Èkó jẹ́ bíi 68, WHO ní kó má ju 5 lọ fún odidi ọdún. Èmi ń ṣe ọkọ̀, mo mọ ohun tó ń jáde nídìí àwọn dánfó yẹn. Mo ti ń sọ fún àwọn onímọ́tò mi pé ẹ jẹ́ kí n tún injector yìí ṣe, wọ́n ní kí n jẹ́ kó ṣì máa rìn ná.

Nọ́ọ̀sì_Mọ́kọ́lá
Ẹ ṣé, ibi tí mo fẹ́ dé náà nìyẹn, ọ̀rọ̀ ooru, torí Ọmọ_Alágbada béèrè nípa March.

Ooru ní ọ̀nà tiẹ̀. Tí ara bá gbóná, ọkàn á máa sáré kó lè gbé ẹ̀jẹ̀ wá sí awọ ara láti tutù, èémí náà á yára sí i. Ẹni tí èémí ẹ̀ ò tó tẹ́lẹ̀, ibo ló ti fẹ́ rí àlékún? Omi ara á gbẹ, kẹ́lẹ̀bẹ̀ á ki bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ dídùn tí wọ́n gún, kò ní í jáde. Bẹ́ẹ̀ ni èéfín ọkọ̀ tó bá pàdé oòrùn gbígbóná ń di gáàsì míì tí wọ́n ń pè ní ozone, tó máa ń ta ọ̀fun, ọ̀sán ló máa ń pọ̀ jù. Ẹ rántí February 2024? Àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ní tí wọ́n bá da ọ̀rinrin inú atẹ́gùn mọ́ ọn, ooru yẹn ń ṣe ara bíi 50°C lágbègbè wa níhìn-ín. Wọ́ọ̀dù wa kún ní oṣù yẹn, bó ṣe máa ń kún ní January.

Nítorí náà, ní ìgbà ooru: kí màmá máa mumi díẹ̀díẹ̀ látàárọ̀, kí wọ́n má dúró dìgbà tí òùngbẹ bá gbẹ wọ́n (àfi tí dókítà bá ní kí wọ́n dín omi kù nítorí ọkàn). Kí iṣẹ́ tó le má bọ́ sí ọ̀sán. Mo mọ̀ pé tìṣà ní kí wọ́n má dáná láàárọ̀ kùtù, ti ọyẹ́ nìyẹn. Ní March, àárọ̀ kùtù ló dáa jù.

Ẹ jẹ́ ká sọ ti ínhélà, agolo kékeré tí wọ́n fi ń fa oògùn sínú ẹ̀dọ̀fóró. Owó ẹ̀ ti fò sókè láti 2023, mo mọ̀, àwọn kan wá ń fún un lẹ́ẹ̀kan dípò ẹ̀ẹ̀mejì kó má tètè tán. Ẹ jọ̀ọ́ kí màmá má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ má fi sínú ọkọ̀ tó wà lóòrùn, ẹ má gbé e sórí fèrèsé, ó fẹ́ ibi tí kò gbóná ju 30°C. Láàárọ̀ ọyẹ́ tó bá tutù, kò ní í tú dáadáa, kí wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì mú un kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ kí wọ́n tó lò ó. Àwọn àgbà kì í lè fún un kí wọ́n sì fà á lẹ́ẹ̀kan náà, ahọ́n ló máa ń bá. Tẹ́ ẹ ò bá rówó ra spacer, ìyẹn ike tí wọ́n ń so mọ́ ẹnu ínhélà kí oògùn lè dúró níbẹ̀ kí èèyàn tó fà á, ẹ mú ìgò omi onírọ́bà 50cl tó mọ́, ẹ gé ihò sídìí ẹ̀ tó bá ẹnu ínhélà mu, ẹ tì í bọ̀ ọ́, kí màmá máa fà á láti ẹnu ìgò. Wọ́n ti dán an wò fáwọn ọmọdé ní South Africa, ó ṣiṣẹ́. Ẹ ṣe é lójú nọ́ọ̀sì kan kó rí i pé ó wọlé.

Tí wọ́n bá ti ń sọ ọ̀rọ̀ kan ọ̀kan dúró, tí ètè tàbí èékánná bá ń dúdú bí aró, tí oorun òjijì bá ń gbé wọn, ẹ má ṣe àgbo, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́. Ọsibítù tó ní ọ́síjìn.

Àdùkẹ́_Brooklyn
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ sọ ti máàsìkì náà. Níbí ní June 2023, igbó ń jó ní Canada, ọ̀nà tó jìn gan-an síbí, ní ọjọ́ keje oṣù náà ojú ọ̀run New York pọ́n bí epo pupa lọ́sàn-án gangan, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń wọn atẹ́gùn kọjá 400, ohun tó dáa kì í ju 50 lọ. Àǹtí mi tó ní COPD wà lọ́dọ̀ mi. A pa fèrèsé, mo so filter mọ́ ẹ̀yìn fáànù, mo fi síyàrá wọn. Mo fẹ́ gbé wọn jáde pẹ̀lú máàsìkì bulúù tí wọ́n fi ń ṣọ́ Covid yẹn, dókítà wọn ní kò lè dá èéfín dúró, N95 tó lẹ̀ mọ́ ojú ni. Ẹ ṣọ́ra, ẹlòmíì tó ní COPD kì í lè mí dáadáa nínú N95, kí wọ́n bi dókítà.

Ọmọ_Alágbada
Ẹ ṣeun gbogbo yín. A ti ṣèpàdé nílé. Màmá ò ní í jókòó nídìí agbada mọ́, a ti gba ọmọbìnrin méjì tí á máa bá wọn yan án, wọ́n á kàn máa bójú tó iṣẹ́ látòkèèrè.

Ìyá_Ìbejì_Àkúrẹ́
Ẹ má bínú sí mi o. Àwọn ọmọbìnrin méjèèjì yẹn, ọmọ ọdún mélòó ni wọ́n?

Ọmọ_Alágbada
19 àti 22.

Ìyá_Ìbejì_Àkúrẹ́
Ọmọ ọdún mélòó ni màmá yín nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀?

Ọmọ_Alágbada
Mi ò lè dáhùn kíákíá, mo ní láti fi fóònù sílẹ̀. Òótọ́ lẹ sọ. Ọjọ́ orí yẹn náà ni. Mo fẹ́ gba màmá mi là, mo sì fẹ́ fi ọmọ ẹlòmíì sípò wọn. Gáàsì ò ṣe é fi yan gàrí tí èèyàn fi máa jèrè, mo ti ṣírò ẹ̀. Kí ni ká ṣe?

Bíríkìlà_Ṣàgámù
Kì í ṣe pé ẹ ní láti fi igi sílẹ̀. Mo ti bá àwọn alágàrí mọ àdògán tuntun, mẹ́rin ni mo ti mọ. Bó ṣe rí nìyí: ẹ mọ ògiri bíríkì láti ilẹ̀ dé òrùlé, agbada wà níhà ọ̀dọ̀ ẹni tó ń yan án, ẹnu ibi tí wọ́n ti ń ti igi bọná wà ní òdìkejì ògiri, nìta. Ẹni tó ń yan gàrí àti iná kò rí ojú ara wọn rárá. Amọ̀ ni ẹ ó fi rẹ́ ẹ̀gbẹ́ agbada kó má sí àlàfo, torí àlàfo kékeré bẹ́ẹ̀ ni gbogbo èéfín á gbà padà. Lẹ́yìn náà ẹ ri páìpù èéfín sẹ́yìn àdògán, kó yọ kọjá òrùlé dáadáa, tó bá kúrú èéfín á yí padà wọlé. Igi gbígbẹ ni kí wọ́n máa lò, igi tútù lọ́gá èéfín. Igi tí wọ́n ń jó náà á dín kù torí iná ò fọ́n ká mọ́, àwọn tí mo ṣe fún sọ fún mi bẹ́ẹ̀.

Tìṣà_Ọ̀yọ́
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ kọjú ẹnu iná sí ibi tí atẹ́gùn kò ní í máa gbé èéfín padà wá. Lásìkò ọyẹ́ àríwá ìlà-oòrùn ló ti ń fẹ́, lásìkò òjò gúúsù ìwọ̀-oòrùn.

Ọmọ_Alágbada
Mo ti padà dé o. Ẹ má bínú pé mo pẹ́. A mọ ọ́n ní September, bíríkìlà ìlú wa ló ṣe é, mo ka gbogbo ohun tí Bíríkìlà_Ṣàgámù kọ fún un lórí fóònù. Ìgbà àkọ́kọ́ páìpù kúrú, èéfín kún gbogbo ilé, a fi kún un. Báyìí àwọn ọmọ yẹn ń yan gàrí, ojú wọn ò pọ́n mọ́.

Ọyẹ́ ti dé láti ọjọ́ mẹ́ta. Wọn kì í dáná kó tó di aago mẹ́wàá. Màmá wúkọ́ láàárọ̀ yìí, kẹ́lẹ̀bẹ̀ ṣì ń bẹ, ínhélà wọn wà nínú aṣọ wọn níbi àyà kó má baà tutù. Àbúrò mi bá wọn rìn lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́rọ. Ó ní wọ́n dúró lẹ́ẹ̀mejì. Dókítà ti kọ ọ́ sí fáìlì pé alágàrí ni wọ́n, ó sì kọ èéfín igi, ọgbọ̀n ọdún. Mo ya fọ́tò ẹ̀, mo fi pamọ́.

Bàbá_Peckham
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ẹ bá mi kí wọn. Ẹ sọ fún wọn pé bàbá kan ní London tó ń ti inú sìkáàfù mí ní kí wọ́n máa rọra.

Ìyá_Ìbejì_Àkúrẹ́
@Bíríkìlà_Ṣàgámù ẹ jọ̀ọ́ sà, ti àkàrà ńkọ́, agbada tèmi kéré, ìta gbangba ni mo sì wà lẹ́bàá títì. Páìpù onínṣì mélòó ni kí n rà?

Bíríkìlà_Ṣàgámù
Onínṣì mẹ́rin á tó yín. Ẹ fi fọ́tò ibẹ̀ ránṣẹ́ kí n rí ibi tí atẹ́gùn ti ń wọlé, ẹ má tíì ra nǹkan kan.